Ọdún Aláwìn ní Ararọ̀mí-Obu

Ararọ̀mí-Obu,
Lọ́nà Ore.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá, ọdún 1984.

Inúmidùn ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń rí oorun sùn ní Èkó yẹn? Àwa níbí wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Bàbá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ó ti padà sí oko kòkó. Ewúrẹ́ rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú, méjì ń fò kiri. Ọlọ́run tó ń fún wa jẹ nínú ọ̀wọ́n yìí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ tí o ń ṣe fún àwọn òyìnbó, àmín.

Páálí tí o fi rán Lawrence awakọ̀ dé ọwọ́ mi. Mo bá aṣọ dúdú mẹ́fà tí wọ́n ya egungun èèyàn sí nínú rẹ̀, mo bá súwíìtì, mo sì bá ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní tó bá di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ òyìnbó a máa bojú, wọn a máa lọ láti ilé dé ilé tọrọ ohun jíjẹ, orúkọ ọdún náà sì ni Aláwìn. Orúkọ yẹn bá a mu, nítorí ẹni tó gba nǹkan tí kò sanwó, kí là bá tún máa pè é. Ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi, Inúmidùn. Èmi rò pé àwa nìkan ni ìyà ń jẹ láti ìgbà tí ṣọ́jà ti gba ìjọba, àṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ òyìnbó náà. Ó yé mi pé nítorí ìtìjú ni wọ́n ṣe ń bojú. Egungun tí wọ́n yà sára aṣọ náà yé mi, kí onílé lè rí bí ọmọ náà ṣe rù tó ni, kí àánú lè ṣe é. Elégédé tí o sọ pé wọ́n ń gbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe àtùpà, mo ní ilé tó mọ ìṣọ́ra nìyẹn, wọ́n jẹ inú, wọn kò da èèpo nù. Mo ti kó àpò gàárì kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì fún Lawrence. Pe mádáámù rẹ sí kọ̀rọ̀ kí o tó fún un, kí ojú má baà tì í. Sọ fún un pé ebi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

O ní tí a bá fẹ́, kí a ṣe é fún àwọn ọmọ ibí, o sì tú ìwé òfin rẹ̀ sí Yorùbá fún mi, bí wọn yóò ṣe ṣe é tí wọn kò ní ni ẹnikẹ́ni lára. Bí mo ṣe rí òfin, mo rò pé ìjọba ṣọ́jà ló tún gbé òmíràn jáde, ni mo bá sáré gbé e lọ bá Ọ̀gá Àyànlọ́wọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé wá síbí láti Ìkàrẹ́. Ó kà á, ó ní kì í ṣe ti ṣọ́jà, nítorí pé kò sí ẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀, ó ní ọmọlúàbí ló kọ ọ́. Kí àwọn ọmọ má dẹ́rù ba ọmọ ọwọ́ àti arúgbó. Kí kálukú mú ẹyọ kan. Kí a béèrè oúnjẹ tí kò bá ọmọ kọ̀ọ̀kan lára mu. Mo béèrè láti ilé dé ilé, kò sí ọmọ tí ẹ̀pà ń ṣe ní nǹkan kan, àfi Báyọ̀ ọmọ Lawrence tó ní iṣẹ́ oko ni kò bá òun lára mu.

Bàbá rẹ tí í ṣe bàbá ìjọ kọ́kọ́ yarí. Ó ní eégún tí àwọn bàbá àwa kọ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi ni a tún ń gbà padà lọ́wọ́ òyìnbó yìí. Kátíkíìsì wa gba aṣọ náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rí nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, ó ní ará ọ̀run kì í wọ sáìsì. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà parí sí.

Òfin iná ló fẹ́ bà á jẹ́. Wọ́n ní ilé tó bá tan iná síta ni kí àwọn ọmọ yà, ilé tí kò bá tan iná, kí wọ́n kọjá jẹ́ẹ́jẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Ararọ̀mí-Obu dó, iná mànàmáná kò dé ibí rí, a jẹ́ pé kò sí ilé kankan tí wọn yóò yà nìyẹn. Ọ̀gá Àyànlọ́wọ̀ họ orí títí, ó wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wá gbé fìtílà tó ń jó sí ẹnu ọ̀nà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ń ràn yòò nígbà náà o. Àwọn tó gun alùpùpù bọ̀ láti Agbabu dúró, wọ́n ń bi wá léèrè ohun tí a ń wá.

Òfin kan tún wà nísàlẹ̀, pé kí wọ́n má gbé àwòrán egungun dé ilé ọlọ́fọ̀. Bí mo ṣe kà á, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù tó máa ń dín àkàrà níwájú ilé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Gàzálì, ni tírélà pa lójú ọ̀nà Ore nínú oṣù kẹjọ, inú ilé ló sì wà látìgbà náà tó ń ṣe opó. Èmi fúnra mi ni mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gba òdìkejì ọ̀nà kọjá tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi, mo ní mo mọ inú rò.

Ọjọ́ pé. Àwọn mẹ́fà wọ aṣọ egungun, àwọn tó kù fi èédú kun ojú, Glory wọ ẹ̀wù òjò bàbá rẹ̀, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ ra ọṣẹ ìjọba. Wọ́n gba ìrèké, wọ́n gba ẹ̀pà, wọ́n gba súwíìtì lọ́wọ́ mi. Wọ́n yọ́ ẹsẹ̀ kọjá níwájú ilé Wúlẹ̀mọ̀tù. Kò pẹ́ ni Límátù ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ó ní ìyá òun ń pè mí.

Mo bá fìtílà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láti aago mẹ́ta ló ti ń jó, bẹ́ẹ̀ ìwọ náà mọ bí kẹrosíìnì ṣe ṣòro rí tó. Wúlẹ̀mọ̀tù jókòó lórí ẹní, àwo àkàrà wà níwájú rẹ̀, ó dín wọn wínníwínní bí àtàǹpàkò, ó fi ewé dì wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní Ìyá Inúmidùn, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín. Ó ní wọ́n sọ pé ẹni tó bá tan iná ni àwọn ọmọ yóò yà, mo tan iná. Ó ní ọkọ mi ló kú, èmi kò tíì kú. Ó ní láti oṣù kẹjọ lẹ ti ń ṣàánú mi, ẹ ṣàánú mi títí ẹ kò fi wá sọ́dọ̀ mi mọ́.

Inúmidùn, ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo dàgbà jù ú lọ. Mo sáré jáde lọ pe àwọn ọmọ padà, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ aṣọ egungun sílẹ̀. Ó gbọ́ mi láti inú ilé, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, òun fẹ́ rí i. Wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà, Máyọ̀wá tó ga jù ló wà níwájú. Wúlẹ̀mọ̀tù wo egungun náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá ní, Bàbá Gàzálì sanra ju èyí lọ.

Kò sí ẹni tó mọ bí yóò ṣe ṣe ojú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín àkàrà. Méjì méjì ló fún wọn. Mo ní òfin sọ pé ẹyọ kan, ó ní òfin yẹn kò dé ilé òun.

Ìwé rẹ kò ṣìnà, ọmọ mi, èmi ni mi ò kọ́kọ́ bi Wúlẹ̀mọ̀tù léèrè ohun tó fẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnì kan nínú wa ń lọ jókòó tì í lójoojúmọ́. Bàbá rẹ pàápàá lọ tún òrùlé rẹ̀ tó ń jò ṣe, ó sì pẹ́ níbẹ̀ nítorí àkàrà.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Nínú oṣù tó ń bọ̀ ni Wúlẹ̀mọ̀tù yóò jáde opó, ó fẹ́ padà sídìí agbada, òróró sì ti gbówó lórí ní Ore. Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ nǹkan, fi díẹ̀ rán Lawrence, kí a fi bá a bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́kù, rántí pé èmi náà ń fọ aṣọ, ọṣẹ ti di góòlù. Ní ti iyọ̀, ó ṣì wà nílé.

Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ibi tí o bá dé, kí wọ́n ti máa retí rẹ. Ẹni tí yóò bá ọ jẹun, tí yóò bá ọ rẹ́rìn-ín, kò ní wọ́n ọ lọ́jọ́ kan, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Cecilia.