Pílásítà Ẹ̀yìn Etí Ìyá Rẹ

Shelby, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ará Regina tí ẹ jọ ń gbé lórí ara yín bí ẹyẹlé. Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí yìnyín dá ọkọ̀ rẹ dúró lọ́nà. Àwa náà ń bẹ, àwọn màlúù ti ń bímọ, Buster ajá wa sì ti tún já ìbọ̀wọ́ mi jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé láti ìgbà ìkórè ni ooru ti ń mú un lóru, tó ń làágùn bí ẹni tó sáré dé, tó fi kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òtútù tó lè pa ẹṣin yìí. Ohun tí n kò sọ fún ọ ni pé ó ní òun fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ Marlys àbúrò rẹ̀ ní Medicine Hat, torí ilé wa ti sú òun. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ mọ́, mo sì rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ni ó bá ní kí n bá òun jókòó ti fóònù, pé nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Marchuk fẹ́ fi fídíò rí wa. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìsìn, mo ṣí fìlà, mo gbé kọfí síwájú fóònù fún un, nítorí àlejò kì í wọ ilé wa kó má rí kọfí. Ó dúpẹ́, kò mu ún. Àmọ́ ọmọ náà gbọ́n gan-an. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, họ́mọ̀nù ara ìyá rẹ ló ń lọ sílẹ̀ bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń dáwọ́ dúró. Ó ní oògùn tó ń fi họ́mọ̀nù náà kún ara kì í ṣe irú kan. Èyí tí wọ́n ń gbé mì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ju èyí tó ń gba awọ ara wọlé lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ìyá àgbà rẹ lẹ́sẹ̀ rí, nítorí náà pílásítà olóògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, tàbí èyí tí wọ́n ń fi pa apá, ló yẹ ẹ́. Ìyá rẹ ní òun kò fẹ́ ti pípa, kí Buster má baà lá a. Nọ́ọ̀sì ní ó rò ó dáadáa. Ó tún ní Marlys lè lo oògùn kan ṣoṣo torí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ tí tirẹ̀ ṣì wà gbọ́dọ̀ máa gbé oògùn kejì mì tó bá fẹ́ sùn, kí inú ilé ọmọ má baà nípọn kó di àrùn. Ó wá mẹ́nu ba ìpara kan tí wọ́n ń lò nísàlẹ̀, mo bá dìde lọ kó igi sí iná.

Lọ́jọ́ tí pílásítà dé, ìyá rẹ ń po ìyẹ̀fun, ó ní kí n bá òun lẹ ọ̀kan, torí ọwọ́ òun dọ̀tí. Kò sọ ibi tí n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́, n kò sì béèrè, nítorí láti ìgbà tí mo ti ń sin màlúù, ibi kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí họ́mọ̀nù tó ń mú wọn sanra fún ọjà ń gbà wọ ara ẹran. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn etí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo sì rọra fọwọ́ pa á lọ́rùn bí màlúù, kó má baà ta mí nípàá. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá Shelby, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ fà mí lọ sọ́jà?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi náà ń rín, omi ń bọ́ lójú mi. Abẹ́ ìgbànú ni nọ́ọ̀sì ní kó wà, ibẹ̀ ló sì wà báyìí. Kì í ṣe ọjọ́ kan ló ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ooru náà ń rọlẹ̀. Mo ń wo ìyá rẹ, mo ń yìn ín nínú mi, pé gbogbo òru tí kò rí oorun sùn yẹn, òun ló tún ń jí lọ gbẹ̀bí màlúù. Ó ti ránṣẹ́ sí Marlys pé òun kò wá mọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra kúbùsù tó nípọn. Èmi ni mo fẹ́ lò ó. Ìyá rẹ ti kó ìrọ̀rí rẹ̀ padà sórí ibùsùn wa, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Òtútù ń pa mí, n kò sì ní sọ fún un. Kí Olúwa jẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ dàgbà títí irú òtútù yìí yóò fi mú ẹ̀yin náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Garnet Haugen