Tíì Tí A Ń Rún Lẹ́nu

Màámi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti kú nínú lẹ́tà. Kí n tó fi ìwé sílẹ̀, tíṣà kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ wà. Inú mi kàn máa ń dédé bàjẹ́, bó bá sì bàjẹ́ tán, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí pa mí. Akosua ilé kejì ní ààwẹ̀ ni. Kì í ṣe ààwẹ̀. Ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó lé.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó gbé mi débi lẹ́tà. Ìyá Ìlọrin wá. Ẹ̀gbọ́n Bàbá náà ni, èyí tí ẹ máa ń sọ pé bó bá sín ní Ìlọrin, a ó dá a lóhùn ní Fante New Town níbí. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní ibùdókọ̀ Kejetia tòun ti àpótí àti ẹni tí yóò rù ú, kó sì tó jókòó ló ti sọ fún Bàbá pé ọmọbìnrin tí kò níyàá kò gbọdọ̀ máa dá gbé pẹ̀lú ọkùnrin àti áyọ́ọ̀nù. Ó ní bí ọdún Ìtúnu bá ti kọjá, òun ń mú mi lọ sí Ìlọrin. Màámi, Ìlọrin! Èmi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń fi Yorùbá bú mi, Twi, èdè ibí, ni mo fi ń dá wọn lóhùn nínú ikùn mi. Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?

Mo wo ojú Bàbá. Bàbá wo ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, aṣọ oníbàárà nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè lọ kọ́là kan títí táá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé iṣu. Ó kàn sọ pé ó dáa, ẹ̀gbọ́n òun, kò sì gbójú sókè.

Ìgbà tí mo sunkún tí mo kọ oúnjẹ sààrì ni Ìyá Ìlọrin rọ̀ díẹ̀. Ó ní Àáfà Sálíù àtàwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ń bọ̀ wá ṣínu nílé wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí mo bá gbà wọ́n lálejò láìdójú ti Bàbá mi, òun á tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Ọmọ tó bá gbọ́n, ògì àti àkàrà tí wọ́n ń pè ní kókó àti kóòsé níbí ló máa ṣe. Màámi, ẹ mọ irú ọmọ tí ẹ bí. Bùrọ̀dá Síkírù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ti sọ fún wa pé ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Taiwáànì, wọ́n ń mu tíì oníwàrà tí wọ́n da yìnyín sí, kóró dúdú róbótó-róbótó á sì wà nísàlẹ̀ ife, tí wọ́n fi sítáàsì ẹ̀gẹ́ ṣe. Èèyàn á máa mu, á sì máa rún. Gbogbo wa pè é ní onírọ́. Ṣùgbọ́n mo wá rò ó pé bí mo bá se kókó, gbogbo wọn ló máa fi wé tiyín, wọ́n á sì máa mi orí. Tíì oníkóró, ta ló ti mu ún rí? Ta ló máa mọ̀ bí kò bá dáa?

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni mo kọ́kọ́ lọ, torí sítáàsì kì í tán lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ó ti da búlúù sí i, ó sì ti yọ́ àbẹ́là sí i kí aṣọ lè máa dán, kò ṣeé jẹ mọ́. Mo padà sílé, mo rin ẹ̀gẹ́ títí èékánná mi fi bá a lọ, mo fún un, mo gbé omi rẹ̀ sílẹ̀ kó tòrò. Nígbà tó dijọ́ kejì tí mo da omi dànù, sítáàsì funfun dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ abọ́ bí ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Omi tútù ni mo fi pò ó. Ẹ gbọ́, kí ni wọ́n fi ṣe sítáàsì? Bí mo bá gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó di òkúta. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ó ń ṣàn. Mo yí i róbótó lọ́wọ́, ó gbọ́ràn. Mo dẹ́kun yíyí, ó nà gbalaja sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo bú u ní Yorùbá, mo bú u ní Twi, mo bú u ní Hausa ìwọ̀nba tí mo gbọ́. Akosua ní ó jọ mí: bí wọ́n bá bá mi wí, mo le gan-an, bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀, mo di omijé. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.

Ibi tí mo ti ń bínú sí i ni ojú yín ti wá sí mi lọ́kàn. Bí ẹ bá ń ṣe tapióka, ẹ máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ máa ń fún ètè pọ̀, ẹ máa ń fa atẹ́gùn sínú ṣììì. Èéfín ni mo máa ń rò pé ẹ ń sá fún. Màámi, omi gbígbóná ni! Omi tó ń hó yàà lẹ ń dà lé e, tí ẹ sì ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí ẹ sọ, tí mi ò gbọ́? Mo da omi híhó lé e, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fa ṣììì, sítáàsì náà sì di ara wọn mú. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Díẹ̀ ni o, torí omi ti ń tutù.

Mo jó ṣúgà bí àwọn tó ń se asáánà, omi àgbàdo dúdú yẹn, ṣe ń jó o, mo fi pò ó kó lè dúdú. Èmi àti Akosua yí i ní kóró-kóró, a dà á sómi híhó, ó rì, ó léfòó. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè fi orí ahọ́n tọ́ oúnjẹ wò kó sì tu ú dànù. Orí ahọ́n mọ iyọ̀, ó mọ ṣúgà. Orí ahọ́n ò mọ líle. Nǹkan tó jẹ́ pé eyín ló máa ṣèdájọ́ rẹ̀, gbogbo eyín ilé wa ló wà nínú ààwẹ̀. Akosua nìkan ló ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi kóró kan sí i lẹ́nu. Ó rún un, ó gbójú sókè, ó tún rún un, ó wá ní ɛyɛ dɛ paa, ó dùn gan-an. Inú mi dùn, mo sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó yẹ kí n rántí pé Akosua ló ń rún egungun ẹran tán táá máa wo ti ẹlòmíì.

Sítírọ́ọ̀ ńkọ́? A ò rí èyí tó fẹ̀ tó kóró náà, la bá gé igi ewé ìbẹ́pẹ, tí inú rẹ̀ ṣófo, a fọ̀ ọ́ dáadáa.

Wọ́n fi èso dàbínù ṣínu, wọ́n kírun, wọ́n jókòó sórí ẹní. Mo po tíì oníwàrà, mo bu kóró sí i, mo gbé ife wọlé. Àáfà Sálíù wo inú tirẹ̀, ó ṣe bísímílà, ó tún un ṣe. Ìyá Ìlọrin, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti lè rí gbogbo wa, ní kí ni ewúrẹ́ wá ṣe nínú tíì. Wọ́n fà á. Tíì náà dùn, mo rí i lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni kóró wọ ẹnu.

Màámi, ilé wa ò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Páárì ẹ̀kẹ́ àwọn àgbà nìkan ló ń lọ sókè sódò. Àáfà Sálíù ṣàdédé dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó kọjú sógiri. Gbogbo wa la mọ̀ pé eyín òkè rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n bí i mọ́. Eyín náà ti bu kóró kan jẹ, ó sì ti bá a jáde, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ìyá Ìlọrin na ìka sí mi láti sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò là. Ìka náà nìkan ló ń bá mi wí.

Bàbá ní tirẹ̀ ń fa igi ìbẹ́pẹ, kóró kan há síbẹ̀. Ó fà á, kò wá. Ó bá fẹ́ ẹ. Kóró fò dìde, ó lọ lẹ̀ mọ́ iwájú fìlà funfun Àáfà, èyí tí Bàbá fúnra rẹ̀ ta ní sítáàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá wo fìlà. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, Màámi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bolẹ̀ lórí ẹní, Àáfà yíjú sẹ́yìn láìléyín, òun náà ń rín in.

Ìyá Ìlọrin kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde lọ sí ìdí ààrò, mo tẹ̀ lé e, mo ti ń ro aṣọ tí mo máa kó. Ó jàjà gbé ti ẹnu rẹ̀ mì. Ó gbé ìkòkò padà sórí iná, ó jẹ́ kó tún hó dáadáa, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi ọmọrí dé e pa.

Ó ní, "Ìyá rẹ máa ń dé e."

A jókòó tì í. Nígbà tó ṣí i, àárín kóró náà ò funfun mọ́, ó ń dán látòkèdélẹ̀. Ó mú kan, ó rún un. Ó mú òmíràn. Ó gbé ìkòkò náà sáàárín ẹsẹ̀. Bàbá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ṣì tutù fún ẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi ò lọ síbì kankan."

"Ta ló sọ pé ó ń lọ?" Ẹnu Ìyá Ìlọrin kún. "Ta ló máa bá mi yí i?"

Bó ṣe di pé mi ò lọ sí Ìlọrin mọ́ nìyẹn. Ìlọrin ló fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó ẹrù òun tó kù wá, ó ní a ó máa ta tíì oníkóró ní Kejetia. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ pé kóró mi ò dọ́gba. Bàbá dá a lóhùn láti ṣọ́ọ̀bù pé ó dọ́gba. Ó ní kí Bàbá kọjú sí áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Bàbá ní ta ló ni ilé. Wọn ò tíì dákẹ́ di bí mo ṣe ń kọ èyí, orí ti ń fọ́ mi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Ẹ sùn re, ìyá mi. Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìwé yìí.