Bàbá Bámiṣayọ̀ Ọbayẹmí àti Òkè tí A Fọ́ ní Bwari (1931–1990)

Ìlú Ìyàrá, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ni a ti bí Bàbá wa ní ọdún 1931. Àjíṣafẹ́ Ọbayẹmí, ẹni tí ń lọ́ okùn tà, ni bàbá tó bí wọn. Fẹ̀yìntọlá ni ìyá wọn.

Bàbá kàwé ní Kàbà, wọ́n sì gboyè nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1964. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni wọ́n fẹ́ Ìdáyátù, ọmọ Ìlọrin. Bàbá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ilé kò dàrú rí nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé wọn dé Bwari ní 1981, nígbà tí olú-ìlú tuntun kò tíì ju ọ̀nà pupa àti katakata lọ. Òkè kan wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wọn. Lọ́dọọdún, Bàbá á so okùn gígùn kan tí bàbá wọn lọ́ fún wọn mọ́ ẹsẹ̀ òkè náà, wọn á fà á dé ẹnu géètì, wọn á sì to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí i lára: gígùn okùn náà ni ọjọ́ orí ilẹ̀ ibẹ̀, ẹnu géètì sì ni òní. Níbi tí a so okùn mọ́ ni àpáta ti ń yọ́ bí òrí nínú ikùn ilẹ̀, ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù ọdún. Àwọn òkè ńláńlá wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Òjò àti atẹ́gùn ló jẹ wọ́n tán. Nítòsí géètì ni òkun ti gba ìhà Àbájí wọlé, tó fi yanrìn rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Koríko ọ̀dàn tí gbogbo wa rò pé ó ti wà láti ìpìlẹ̀ ayé kò gbà ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Ènìyàn kò tilẹ̀ rí àyè fi ẹsẹ̀ lé: fọ́nrán kan tó tú létí okùn ni Bàbá fi ṣe tiwa.

Ní 1986 ni agbaṣẹ́ṣe kan gbé ẹ̀rọ tí ń fọ́ òkúta dé. Bàbá kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dá gbogbo òkè sí. Apá kan tí kò tóbi ju kíláàsì lọ ni wọ́n tọrọ. Fóòmáànù bú sẹ́rìn-ín: “Kai, Màlámù! Ṣé òkúta ló máa tán ní Nàìjíríà?” Bàbá ní, “Ọ̀gá, èyí tí ẹ bá fọ́, ta ni yóò ṣe òmíràn?” Gbogbo ọ́fíìsì tí Bàbá wọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àga ni wọ́n bá níbẹ̀, wọn kò bá èsì.

Nígbà tó fi di 1988, ilẹ̀ ti tẹ́jú. Bàbá kò rí ibi so okùn mọ́. Ìbàdí ara wọn ni wọ́n so ó mọ́, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, bí eruku òkúta ṣe ń fún wọn níkọ́. Ikọ́ yẹn ló mú wọn lọ ní oṣù kejì ọdún 1990.

Màmá Ìdáyátù, àwọn ọmọ wọn Ọládùnjoyè àti Mùlíkàt, àti ọmọọmọ mẹ́rin ni Bàbá fi sílẹ̀. A kò ní ìtùnú kankan láti kọ síbí. Ọ̀nà ọ̀dà tí ẹ gbà wá láàárọ̀ yìí, òkè Bàbá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni a ó gbé wọn gbà dé itẹ́ òkú. Okùn yẹn kan náà ni a ó sì fi sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

Bàbá, ẹ sùn re. Ilẹ̀ tí ẹ mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó mọ̀ yín.