Jáfà Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Wa

Clement ọmọ mi,

Ẹ kú ewu ọmọ o, ìwọ àti Mọ́júbọ́lá ìyàwó wa. Ọlọ́run tó fi ọmọ náà ta wá lọ́rẹ yóò wò ó dàgbà, wàrà kò ní gbẹ lọ́yàn ìyá rẹ̀. Àlàáfíà la wà ní Ọ̀kà níbí. Òjò ń rọ̀ déédéé, iṣu láti Ṣúpárè ti kún ọjà, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ẹsẹ̀ bàbá rẹ nìkan ni kò tíì jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, òun ni a kò fi lè wá sí Èkó fún ìsọmọlórúkọ.

Ìwọ náà sì mọ bàbá rẹ. Látìgbà tí o ti ní òun ni yóò sọ ọmọ lórúkọ ló ti ń wí pé òun kò lè fún ẹni tí òun kò rí lójú lórúkọ. Nítorí náà, nígbà tí Joseph awakọ̀ mú àwo tí o fi rán an dé, tí o ní àwòrán ọmọ àti igbe rẹ̀ wà nínú ètò kọ̀ǹpútà tí o fọwọ́ ara rẹ kọ, inú wa dùn, a ti àwo bọ inú kọ̀ǹpútà tí o gbé wá fún wa lọ́dún Àjíǹde. Kò ṣí. Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní kí n wo Jáfà wo ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ mi, mo wò ó. Jáfárù tó ń ta epo bẹntiróòlù ní oríta ni mo kọ́kọ́ rò, mo ní kí ló wá ṣe níbẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò ẹ̀yìn rẹ̀, eruku àti ẹyin ọmọńlé ni mo rí. Mo pe Jáfà, Jáfà sí i, kò dáhùn. Bàbá rẹ ní nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ló máa jẹ́, òun ló ń kà sí ọ létí tí káàdì fi tán. Má bínú bó bá gùn jù.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fi ìró mi di kọ̀ǹpútà, bàbá rẹ ní òun náà á lọ bí ẹsẹ̀ tiẹ̀ ń dun òun, a wọ ọkọ̀ tasín lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sàídì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́. Sàídì ṣí ojú ewé dúdú kan, ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí i, kọ̀ǹpútà sì fúnra rẹ̀ fèsì. Ó ní Jáfà kì í ṣe ènìyàn, ohun tó ń jẹ́ kí ètò ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ni, tiwa jẹ́ ọ̀kan póìǹtì mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan póìǹtì márùn-ún ni ètò rẹ ń wá. Mo ní ẹyọ kan péré ló kù, kó bá wa bẹ̀ ẹ́ kó fojú fò ó. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, tiwa ti di ti àtijọ́, òun yóò fi tuntun sí i. Mo ní kó má lé ti àtijọ́ síta o, kò ṣẹ̀ wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n lè jọ máa gbé.

Kò pẹ́, ojú ọmọ yọ. Ó figbe ta látinú kọ̀ǹpútà, mo ti nawọ́ láti gbé e kí n tó rántí pé dígí ni. Bàbá rẹ sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ní iwájú orí bàbá òun rèé. Ló bá ṣí fìlà, ó kí i káàbọ̀ ní ẹnu Ọ̀kà bí ẹni ń kí àgbà. Igbe náà dá. Sàídì ní ibi tí o gbà á sílẹ̀ dé nìyẹn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní ọmọ gbọ́ òun ni.

Ilésanmí ló sọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, a kì í fi orúkọ rán fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gé e sí méjì, kí ẹ máa wá pe ọmọ ní Ilé lásán.

Jọ̀wọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ tí a ó fi tan kọ̀ǹpútà rán Joseph bó bá ń bọ̀, àwọn ará ilé Abọ́dẹrìn ládùúgbò wa ti ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa wá wo ọmọ, mi ò sì lè da gbogbo wọn lọ sí Ìkàrẹ́. Tí o bá lè fi owó àga kún un, inú mi yóò dùn, nítorí wọn kì í tètè lọ.

Ọ̀nà rẹ yóò máa là, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ti àtijọ́. Bá mi gbé ọmọ náà sún mọ́ àyà, kí o pe orúkọ rẹ̀ sí i létí jẹ́jẹ́, ní odindi.

Èmi ìyá rẹ,
Àwẹ̀ró