Ìbàdí Alájàpá àti Máńgòrò Ẹlẹ́wù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń sùn, ṣé ò ń jẹun kánú? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Bàbá rẹ ń kí ọ, eyín ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí ìbejì.

Ike òògùn máńgòrò tí o fi rán awakọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́, kò dà sílẹ̀. O ní lórí fóònù pé ìda oyin ni ẹ fi sè é níbi iṣẹ́ yín, pé bí a bá fi pa máńgòrò lára, á dà bí ẹ̀wù fún un, kò ní máa mí jù, kò sì ní tètè bàjẹ́. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń ta máńgòrò, n ò mọ̀ pé ó ń mí. Mo gbé etí lé ọ̀kan, n ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìwọ lo kàwé. Bàbá rẹ ní bó bá ń mí lóòótọ́, kò gbọdọ̀ bá òun sun yàrá kan náà, kó má lọ máa hanrun. Ìdí nìyẹn tá a fi kó wọn sí yàrá rẹ.

O tún ní ó ṣeé jẹ. Ìyẹn gan-an ni bàbá rẹ gbọ́ yékéyéké. Kí n tó ti ẹ̀yìnkùlé dé, ó ti fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ dé ìdajì ike, ó ní kí n sọ fún ọ̀gá yín pé iyọ̀ ò sí níbẹ̀. Èyí tó kù ni mo fi pa máńgòrò lára, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára, ṣùgbọ́n kò kárí. Àwọn tí kò rí ẹ̀wù wọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

O mọ alájàpá wa, ọkùnrin tó máa ń ra gbogbo máńgòrò wa. O mọ bí àìsàn ṣe ń bá a fínra. Lọ́dọọdún, bá a bá ti jọ dá iye tó máa san, tá a sì ká máńgòrò tán, ìbàdí á mú un, á ránṣẹ́ pé òun ò lè dìde. Ìgbà tí máńgòrò bá rọ̀ lara rẹ̀ máa ń yá, á wá, á mirí, á san ìdajì. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Mo ń gbàdúrà fún un ju bàbá rẹ lọ.

Lọ́dún yìí náà, ìbàdí tún mú un. Nígbà tó wá dé, ó di ìbàdí mú, ó fi àtàǹpàkò tẹ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtàǹpàkò rì wọlé, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ara ti ń tù ú nìyẹn. Ó ní ìdajì lòun máa san. Mo rò ó pé kò yẹ kí aláìsàn ru ẹrù tó ń bàjẹ́ lọ, ni mo bá mú un wọ yàrá rẹ. Ó tẹ ọ̀kan, ó le. Ó tẹ òmíràn, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó bi mí pé ìgbà wo la ká ìwọ̀nyí, mo ní ọjọ́ kan náà ni. Ó fìdí lé ibùsùn rẹ. Bàbá rẹ wá fọwọ́ kọ́ alájàpá lọ́rùn, ó rọra sọ fún un pé kó lọ sinmi nílé títí ìbàdí á fi san pátápátá, pé àwọn máńgòrò yìí ò kánjú, wọ́n á dúró dè é, bí wọn ò bá sì tètè rí i, alájàpá mìíràn á ṣàánú wọn.

Ọmọ mi, ìbàdí san lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà dìde fùú, ó san owó wọn pé, ó fúnra rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀, kò jẹ́ ká ran òun lọ́wọ́, kò tiẹ̀ dágbére. Sọ fún ọ̀gá yín pé òògùn yín ń wo ìbàdí. Èmi náà fi èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ike pa orúnkún, kò ṣe nǹkan kan. Bóyá alájàpá nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Owó máńgòrò ti di páànù, orí ilé ò jò mọ́. Nítorí náà, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún eyín bàbá rẹ, kó o sì wá ike méjì, ọ̀kan fún máńgòrò, ọ̀kan fún búrẹ́dì.

Orí rẹ á máa ṣọ́ ọ níbi iṣẹ́. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ sí, á gbà ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà ọ́ ní owó pọ́ọ́kú kò ní bá ọ ní rírọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.