Ọmọ Tí Ikùn Rẹ̀ Bàjẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Wọ́n tún pè mí láti ilé ìwé. Aṣọ ìbùsùn ni mò ń ká lọ́wọ́ nílé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa. Ìyá Kékeré, ọmọ mi, tún ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé ikùn òun bàjẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ rèé láàárín oṣù méjì. Mo tọrọ àyè, mo lọ mú un. Ara ẹ̀ ò gbóná, kò yàgbẹ́ gbuuru. Ó kàn jókòó, ó káwọ́ lé itan bí àgbàlagbà tó ń retí ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ìyá Kékeré.

Mo po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún un. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́ lédè ilé ìwé.

Èdè ilé ìwé nìkan la ń sọ nílé báyìí. Onífọ́ọ̀mù ló pàṣẹ ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún — obìnrin tó ń rí sí ìwà àwọn ọmọ nílé ìwé, tí kì í rìn láìsí fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó ní èdè méjì ló ń da ọmọ náà láàmú. Èmi náà gbà, mo ṣe bí ẹni tó gbọ́n. Ìwé yìí nìkan ni mò ń bá sọ Yorùbá. Ẹnu ni wọ́n fòfin dè, wọn ò dárúkọ ọwọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6

Lẹ́tà dé. Lógúnjọ́ oṣù yìí, wọn yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ìwé àwọn ọmọ tí nǹkan ń ṣe, ní òdìkejì ìlú. Fọ́ọ̀mù wà nínú ẹ̀: Kì í wo àgbà lójú. Kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá bá a wí, ó ń kúnlẹ̀. Ó ń ráhùn ikùn láìsí àìsàn.

Mo kà á fún bàbá ẹ̀. Ó ní, ṣé kì í ṣe ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń júwe yìí? Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo lọ sunkún ní balùwẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí ò wo ilé mi rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Dókítà yẹ ikùn wò. Kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ìyá Kékeré ò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ máa wá ọ̀rọ̀ èdè ilé ìwé kiri kó tó lè ṣeré pẹ̀lú ọmọ ẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Áyọ́ọ̀nù jó mi lápá níbi iṣẹ́. Mo délé, mo gbàgbé òfin. Mo ní, inú mi bàjẹ́ lónìí o. Yorùbá pọ́ńbélé.

Ìyá Kékeré fi ṣíbí sílẹ̀. Ó wò mí lójú kòró. "Màámi, inú tiyín náà?"

Inú ni ọmọ yìí ń sọ, ikùn ni wọ́n ń gbọ́! Ó ń tú u lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí èdè ilé ìwé fún nọ́ọ̀sì, kò sì sẹ́ni tó yé. Èmi tí mo bí i, omi iyọ̀ ni mo fún un.

Mo bi í pé kí ló ba inú náà jẹ́. Ó ní mi ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, ti ilé ìwé nìkan ni mò ń sọ. Ó rò pé òun ṣẹ̀ mí ni.

Mo gbé e lé itan. A sọ Yorùbá títí oúnjẹ fi tutù.

Ọjọ́rú, 12

Wọn ò pè mí láti ilé ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo kọ́ ọ: nílé, tí àgbà bá ń bá ẹ wí, ilẹ̀ ni kó o wò. Nílé ìwé, ojú ni kó o wò. Ó ronú sí i. Ó ní, tí tíṣà bá wá kí wa nílé ńkọ́? Mo ní kó lọ fọ ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko nílé ìwé, kò sí ikùn.

Ọjọ́bọ̀, 20

Tábìlì gígùn. Ọ̀gá ilé ìwé, tíṣà ẹ̀, Onífọ́ọ̀mù, àti bàbá àgbàlagbà kan, dókítà tó ń wo ìwà àwọn ọmọdé. Òun ló máa fọwọ́ sí i. 

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé fọ́ọ̀mù náà. Kì í wo àgbà lójú — ó ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Ó ń kúnlẹ̀ — ó ń tọrọ àforíjì, ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ikùn. Mo ní lédè wa, inú ló ń dùn, inú ló ń bíni, inú ló ń bàjẹ́. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọmọ mi sọ fún yín pé inú òun bàjẹ́, oògùn ikùn lẹ fún un. Mo ní ìgbà tí wọ́n ní ká má sọ Yorùbá nílé mọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní mi ò bínú, torí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Mo bínú.

Onífọ́ọ̀mù fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá náà bi í pé ta ló ní kí wọ́n má sọ èdè wọn nílé. Onífọ́ọ̀mù wo fọ́ọ̀mù ẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti béèrè ìyẹn níbẹ̀.

Bàbá náà fi bírò fa ìlà sí fọ́ọ̀mù látòkè délẹ̀. Ọmọ mi ò lọ ibì kankan. Ó ní kí n lọ máa bá a sọ Yorùbá, oògùn tí òun kọ nìyẹn.

Mo jáde, mo jó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Akọ̀wé wọn rí mi. Kó rí mi.

Ọjọ́ Ajé, 24

Tíṣà dúró dè mí lẹ́nu géètì, ọwọ́ Ìyá Kékeré nínú tiẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kejì lé ikùn ara ẹ̀, ó sọ ohun tó ti ń kọ́ láti àárọ̀. Inu mi dun. Kò sí ohùn kan tó bọ́ sójú ọ̀nà níbẹ̀.

Ọmọ mi gbójú sókè, ó wò ó lójú. "Rárá, tíṣà. Inú mi dùn." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú un pè é.

Ó yẹ kí n bá a wí. Ọmọdé kì í tún ọ̀rọ̀ sọ fún àgbà lójú pópó. Mo jẹ́ kó mú un pè é lẹ́ẹ̀kẹrin.