Àrọ̀ Brazil Tí Kò Jẹ́ Kí O Wálé

Diabo,
Ọjọ́ Jímọ̀, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Idriss ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni ẹja jí? Òun ni mo kọ́kọ́ kí, torí mo gbọ́ pé òun ni baálé ilé yín ní àdúgbò Nimbo ní Bouaké. Ìwọ náà ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí ojú tì mí lórí rẹ. Àlàáfíà la wà níbí, iṣu ta dáadáa, òrùlé ilé ìdáná ló ń jò.

Rachida, ọmọ aládùúgbò wa tó ní fóònù, ti fi fídíò tí o yà hàn mí. Ṣé gbogbo ariwo àrọ̀ Brazil náà nìyẹn? Ẹja tí kò gùn ju ìka mi lọ, tó fi ìlà dúdú àti funfun ṣara bí ẹ̀wù ìsùn! Rachida ní iná mànàmáná ló ń mú kí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọdún kejì rèé tí o ti gbé ẹja kaná, kò sì tíì jinná. Bó bá ṣe igi ìdáná lo lò ni, à bá ti jẹ ẹ́ tán. O tún ń fi edé bọ́ ọ. Edé! Ọbẹ̀ tèmi ò rí edé láti ìgbà òjò.

Ohun tó ń já mi láyà ni ìwé. Ṣé o ti gba ìwé ìgbélùú fún un? Àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó, tí a ti Ghana dé Côte d'Ivoire níbí ní 1969, ṣì ń tò lórí ìlà nítorí ìwé, ẹja tó dé lánàá ti ń gbé ilé gíláàsì. Bí ọlọ́pàá bá dé, má sọ pé mọ̀lẹ́bí wa ni o.

Rachida wá ka ohun tí o kọ sábẹ́ fídíò. O ní o ò ní lè wálé ọdún, torí ẹja ti yé, bí iná bá lọ, àwọn ẹyin á kú. O ní akọ ló ń ṣọ́ wọn nínú ihò, ọjọ́ mẹ́fà kò jáde wá jẹun, ó kàn ń fi lẹbẹ fẹ́ wọn ni. Mo ní kí Rachida tún un kà. Akọ ni? Ó ní akọ ni. Idriss, inú bí mi. Ẹja tí kò lọ iléèwé, tí kò gbọ́ Faransé, ó mọ̀ pé ọmọ kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbé jù sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé tí ìwọ àti ìyá Mounira ti túká, tí o gbé ọmọ rẹ wá fún mi, o ò tíì yọjú. Bouaké sí Diabo ò sì tó wákàtí kan. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì; ìwọ fi tìrẹ sídìí ẹja.

Fi owó páànù òrùlé ránṣẹ́, àti owó bàtà ọdún fún ọmọ. Bó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lò ń bọ̀, má wulẹ̀ ra bàtà.

Kí Ọlọ́run dá ẹja náà sí, kí ẹyin rẹ̀ yè, torí iṣẹ́ bàbá ló ń ṣe. Kó jẹ́ kí ìwọ náà jẹ èrè ọmọ.

Mounira ní kí n kí ọ, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ ẹja. Ó ní ta ni ọkùnrin tó tẹ ojú mọ́ gíláàsì lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Àṣíáwù